Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Gbígbọ́ Ìgbì Rédíò Gígùn ní Bọ́lọ́rundúró

Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín ohùn rédíò kiri ilé ní Èkó. Ní ọdún 1939 iṣẹ́ náà dé Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn wa sọ ẹ̀rọ náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé a máa sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Láti ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wa ti rò pé kò sí ohun tí a lè fi rédíò gbọ́ ju orin, ìròyìn àti ìpolówó ọjà lọ. Ẹ̀kọ́ wa lónìí ni láti fi hàn pé ohun mìíràn wà tí ń kọjá lórí oko kòkó wa ní ọ̀sán àti ní òru, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó púpọ̀ lè gbọ́ ọ, kí ó sì wọ̀n ọ́n.

OHUN TÍ ÌGBÌ GÍGÙN JẸ́

Bí a bá sọ òkúta sínú adágún omi, ìgbì yóò máa tàn ká láti ibi tí òkúta bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbì rédíò ń tàn, ṣùgbọ́n ìyára tirẹ̀ tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye ìgbì tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń fi orúkọ Heinrich Hertz pè, ọmọ Jámánì tí ó fi ìgbì wọ̀nyí hàn gbangba ní ọdún 1887 àti 1888. Ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn ni kHz kan.

Bí a bá fi iye kHz pín 300,000, a ó mọ gígùn ìgbì kan ní mítà. Ilé-iṣẹ́ Positive FM ní Àkúrẹ́ ń lo 102,500 kHz. Ìgbì rẹ̀ kan kò gùn tó mítà 3. Ṣùgbọ́n ìgbì tí ó jẹ́ 17.2 kHz gùn ju kìlómítà 17 lọ. Láti 30 títí dé 300 kHz ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìgbì ìsàlẹ̀. Èyí tí ó wà láti 3 dé 30 kHz sì ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwa yóò pa méjèèjì pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Èé ṣe tí wọ́n fi ń lọ jìnnà? Ìpele kan wà lójú ọ̀run, ní ìwọ̀n kìlómítà 70 sókè ní ọ̀sán àti 90 ní òru, tí oòrùn ń sọ di ohun tí ń dá ìgbì padà. Láàárín ìpele yìí àti ilẹ̀, ìgbì gígùn a máa rìn bí ohùn ti ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Wọ́n tún lè wọ inú omi òkun díẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn ológun ojú omi fi ń lò wọ́n láti ránṣẹ́ sí ọkọ̀ abẹ́ òkun.

OHUN TÍ A LÈ WÁ

Èkíní, àwọn ilé-iṣẹ́ ológun. Rhauderfehn ní Jámánì ń lo 23.4 kHz, Cutler ní Maine, ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1961, ń lo 24.0 kHz. Àṣírí ni ọ̀rọ̀ wọn, a kò sì ní láti mọ̀ ọ́n. Agbára ìgbì wọn nìkan ni à ń wọ̀n. Wọn kì í sábà sinmi, nítorí náà àwọn ni ó yẹ kí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wá.

Èkejì, Grimeton ní Swídìn, lórí 17.2 kHz. Ọba Gustav Karùn-ún ni ó ṣí i ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1925. Ẹ̀rọ ńlá tí ń yí bíi kẹ̀kẹ́ ni ó ń dá ìgbì rẹ̀, ó sì ṣẹ́kù títí di òní. Ní ọdún 2004 UNESCO kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Bí ohunkóhun kò bá dí wọn lọ́wọ́, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ a máa fi àmì Morse kí gbogbo ayé nígbà ọ̀tun oṣù keje àti ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì.

Ẹ̀kẹta, àwọn tí ń fi rédíò ṣe ìdárayá àti ẹ̀kọ́. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè fún wọn ní 135.7 sí 137.8 kHz ní ọdún 2007, àti 472 sí 479 kHz ní ọdún 2012. Agbára tí wọ́n lè tú jáde ní ti ìṣáájú kò gbọdọ̀ ju wáàtì 1 lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ara wọn láti ọ̀nà jíjìn nípa ìlànà WSPR, tí Joseph Taylor, tí ó wà nínú àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1993, gbé jáde ní ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ni wọ́n ń fi ìṣẹ́jú méjì sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìjọba. 5N ni orúkọ àwọn ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, mànàmáná fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá kọ, a máa dá ìgbì rédíò, a ó sì gbọ́ ọ bí igi gbígbẹ tí ń ta nínú iná.

ÀǸFÀÀNÍ ÀWA ARÁ OKO

Ọ̀tá ẹni tí ń gbọ́ ìgbì gígùn kì í ṣe àìlágbára ìgbì bí kò ṣe ariwo. Wáyà iná ẹlẹ́ntíríìkì, ṣájà fóònù, gílóòbù tuntun àti jẹnẹrétọ̀ a máa da ariwo sí etí ẹ̀rọ. Ní àárín Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ó ṣòro láti sá fún wọn. Ṣùgbọ́n ní Bọ́lọ́rundúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, ẹni tí ó bá rìn díẹ̀ lọ sínú oko yóò ti fi wọ́n sẹ́yìn. Àní nígbà tí iná bá lọ, tí gbogbo ilé ń ráhùn, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ wa dára jù. Ohun tí a ń kà sí àìní di ọrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Ariwo kan kù tí oko kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, èyí ni ti àrá. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ìparí rẹ̀ ni ó le jù. Ìgbà ọyẹ́ ni ó dákẹ́ jù, àárọ̀ sì sàn ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ìkíni Grimeton ti ìgbà Kérésìmesì bọ́ sí àkókò ọyẹ́.

BÍ A TI Ń BẸ̀RẸ̀

1. Mú ọ̀pá igi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 140 sẹ̀ǹtímítà, kí o so wọ́n bí àgbélébùú.

2. Yí wáyà tí a bò lára ká orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mẹ́ta-lé-mẹ́wàá-dín... ká wí i ní nọ́ńbà: ìgbà 30. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tó mítà 1, nítorí náà mítà 120 wáyà ni a ó rà. Òrùka yìí ni éríà wa.

3. So ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ áńpìlífáyà kékeré tí ń lo bátìrì, kí a sì ti ibẹ̀ ki í bọ ojú ihò makirofóònù kọ̀ǹpútà alágbèéká. Kí kọ̀ǹpútà lo bátìrì tirẹ̀, kí ó sì jìnnà sí òrùka náà ní mítà mélòó kan. Kí òrùka má sì wà lábẹ́ òrùlé páànù.

4. Lo ètò Spectrum Lab, tí a kì í sanwó fún. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ohùn ní ìgbà 96,000 ní ìṣẹ́jú àáyá; ìdajì iye yìí, 48 kHz, ni òpin ohun tí ó lè mọ̀. Nítorí náà ẹgbẹ́ kẹta tí a dárúkọ lókè ń fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá mọ́ iṣẹ́.

5. Yí òrùka náà. Bí ènìyàn bá dúró ní ilé-iṣẹ́ tí à ń wá, etí òrùka ni kí ó rí, kì í ṣe ojú rẹ̀ gbalasa. Fún Jámánì, kọ etí rẹ̀ sí àríwá. Fún Amẹ́ríkà, sí àárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró lójú kan ní 23.4 ni a ń wá.

Bí ìlà náà kò bá hàn ní ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣe jáwọ́. Ó ju kìlómítà 5,000 lọ láti ibí dé Rhauderfehn, ó sì tó bíi 8,000 dé Cutler. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

ÌKÌLỌ̀

Wáyà tí a nà síta lè mú ikú wọlé. Àrá tí etí gbọ́ ti súnmọ́ tó láti pa ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí ta gan-an, ẹ yọ wáyà kúrò lára rẹ̀ kí ìjì tó dé, kí ẹ wọlé, kí ẹ má sì padà sídìí rẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní apá yìí. Ẹ kọ́ wọn láti ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí àrá fi sán; mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ kọ agbára ìlà 23.4 sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ àti nígbà tí ó ń ṣú? Èé ṣe? Bí ìlà bá fò sókè lójijì ní ọ̀sán, tí ó sì rọra sọ̀kalẹ̀, ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ dáradára: ó lè jẹ́ pé iná ńlá kan bú jáde lára oòrùn, tí ìtànṣán rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 8.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ báyìí ń gbé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀run tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, nítorí a súnmọ́ àárín ayé, àrá wa sì pọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé kan bá fi òtítọ́ kọ ní Bọ́lọ́rundúró kì í ṣe àfarawé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìmọ̀ ni, ẹni tí ó wà níbí nìkan ni ó sì lè kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ó di olùkọ́ lọ́la kọ́kọ́ ṣe é fúnra wa, kí a tó gbé e ka iwájú àwọn ọmọ.