Aṣọ Ìbora Oníìrépé: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Abẹ́rẹ́

Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀ á ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ. Síbẹ̀, bí a bá yà sí ìsọ̀ télọ̀ ní Ìsánlú-Ìsin tàbí ní Òmù-Àrán, ìrépé a máa wà nílẹ̀ tí ó ń dúró de ìgbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Àkísà ni aṣọ tí ó ti gbó. Àbùlẹ̀ ni èyí tí a fi bo ibi tí aṣọ ti ya. Ìrépé ni èyí tí ó ṣẹ́ kù lẹ́nu àlùmọ́gàjí: kò gbó, kò sì ya. Ẹni tí ó bá pe ìrépé ní àkísà ti ṣì í pè, ibẹ̀ sì ni òfò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti wo ẹkú egúngún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yóò rí àrán, àdìrẹ, aṣọ òkè àti aṣọ òyìnbó tí a gé, tí a sì rán mọ́ra. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ẹbí ń fi tuntun kún ti àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, a máa fi aṣọ iṣẹ́ tí ó ti gbó rán aṣọ ìbora. Ní 2002 ni a pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní Houston àti ní New York. Ohun ọ̀wọ̀ ni ẹkú, a kò ní sín in jẹ. Aṣọ ìbora ọmọdé ni a fẹ́ rán.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é nìyí:

1. Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e, kí àwọ̀ má baà ṣí sára èkejì. Ẹ gé páálí tí ó jẹ́ íǹṣì 5 ní ìbú àti ní òró. Òun ni ẹ ó fi gé ègé 80.

2. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀, 8 ní ìbú, 10 ní òró. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ kan náà fara kan ara wọn.

3. Ẹ rán ègé 8 kọ̀ọ̀kan pọ̀ di ìlà kan. Ẹ fi ¼ íǹṣì sílẹ̀ létí. Bí ẹ bá fi ⅛ íǹṣì lé e, ojúùrán 7 yóò jẹ íǹṣì 1¾ nínú ìlà náà, kò sì ní bá ìyókù dọ́gba mọ́.

4. Ẹ lọ̀ ọ́. Kí ojúùrán ìlà kìíní dojú kọ ọ̀tún, ti ìkejì kí ó dojú kọ òsì. Nígbà náà ni igun yóò pàdé igun. Ẹ wá rán ìlà 10 náà pọ̀. Bí a bá rán etí rẹ̀ tán, yóò jẹ́ íǹṣì 36 sí 45.

5. Ẹ tẹ́ aṣọ abẹ́ tí ó jẹ́ íǹṣì 40 sí 49 sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ẹ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé e, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ rán bo orí rẹ̀. Ẹ fi píìnì há wọn, kí ẹ rán wọn pọ̀ láti àárín lọ sí etí.

6. Ẹ gé bùláńkẹ́ẹ̀tì kí ó bá ti òkè dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí aṣọ abẹ́ fi íǹṣì 1 yọ yíká. Ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì wá sí òkè, kí ẹ sì rán an.

Bí ọyẹ́ bá dé, ọmọ yóò rí nǹkan bora. Bí ó bá dàgbà, a lè fi ìka tọ́ka sí i fún un pé: èyí ni aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ìyá rẹ, èyí sì ni bùbá tí bàbá rẹ àgbà wọ̀ ṣọdún. Ohun tí ìgbálẹ̀ ì bá gbé lọ ti di ìtàn ìdílé.