Aṣálẹ̀ àti Ajílẹ̀: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n oko ni mo ti rí i, kì í ṣe kíláàsì.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ ń lò fún ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mú mi dé oko, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ kan tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, tí igi rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ní, "Ilẹ̀ yìí ti ṣá." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí "aṣálẹ̀" nínú àkójọ mi, mo kọ ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́: ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí, bíi Sàhárà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Bàbá ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni mo sọdá ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Porto-Novo, olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀, láti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀. Ìyá tó gbà mí sílé ń ta ẹ̀fọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo wá ṣe, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oko lò ń wá, lọ sí Ouando, lọ wo Songhaï."

Mo lọ. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dá Songhaï sílẹ̀ ní 1985, lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan péré. Ó ti kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní California, kí ó tó padà wá sí Áfíríkà ní àkókò tí ìròyìn ọ̀dá àti ìyàn ilẹ̀ wa gba ayé kan. Ilẹ̀ ọba Songhai ayé àtijọ́ ló fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ọmọ Kétu kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló mú mi yíká, Yorùbá la sì ń sọ. Ó fi ìdin hàn mí nínú àwo: orí ìdọ̀tí ni eṣinṣin yé sí, ìdin tó jáde níbẹ̀ sì ni oúnjẹ ẹja. Omi adágún ẹja ni wọ́n ń bu sí ẹ̀fọ́. Ìgbẹ́ ẹran ń lọ sínú kòtò tí wọ́n dé pa, ibẹ̀ ni gáàsì ìdáná ti ń jáde. Ohun tó bá ṣẹ́kù ń padà sóko. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan dúdú tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ó ní, "Ajílẹ̀ ni." Mo ní ṣebí inú àpò ni ajílẹ̀ máa ń wà, èyí tí à ń pè ní fàtíláísà nílé. Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tó bá jí ilẹ̀ ni ajílẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì palẹ̀ báyìí:

a- + jí + ilẹ̀ → ajílẹ̀
a- + ṣá + ilẹ̀ → aṣálẹ̀

Ẹ rántí "apẹja" àti "akọrin": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni, ìparójẹ kan náà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí "ilẹ̀" ń ṣe nínú wọn yàtọ̀. Nínú "ajílẹ̀", àbọ̀ ni ilẹ̀, òun ni wọ́n ń jí. Nínú "aṣálẹ̀", ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣá, bí aṣọ tí a sá sóòrùn títí ṣe ń ṣá. Nítorí náà, aṣálẹ̀ kì í ṣe Sàhárà nìkan. Ilẹ̀ yòówù tí a bá ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìdá nǹkan kan padà, ó ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀. Ohun tí Bàbá sọ nìyẹn, tí mo kọ sílẹ̀ láìgbọ́ ọ.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ wa a dáko síbì kan fún ọdún díẹ̀, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Ewé a wọ́, a jẹrà, a di ilẹ̀dú, ìyẹn ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá. Lónìí, ilẹ̀ kò tó mọ́, ojú kan náà la ń gbìn sí lọ́dọọdún. Fàtíláísà inú àpò ń bọ́ irúgbìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fún ilẹ̀ ní ewé jíjẹrà tí ń mú un di omi mú. Ohun tí àwọn tó ń polongo ọ̀gbìn tí kì í run ilẹ̀ ń sọ káàkiri ayé kò ju èyí lọ. Àwọn àgbà wa ti ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kódà Albert Howard, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Íńdíà ní 1905, tí ìwé rẹ̀ lórí ajílẹ̀ àti ìlera ilẹ̀ jáde ní 1940, gbà pé àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ló kọ́ òun.

Nígbà tí mo padà délé, mo sáré lọ bá Bàbá, mo ròyìn ajílẹ̀ fún wọn bí ẹni tó mú ìròyìn tuntun bọ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń ru ilẹ̀ ààtàn lọ sí oko etílé. "Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ lè rù ú lẹ ti lọ ilé ìwé. Ìwọ tó wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ yìí, ṣé wàá wá rù ú?"

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ru agbọ̀n mọ́kànlá, ọrùn sì dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti tún ìtumọ̀ aṣálẹ̀ kọ nínú àkójọ mi.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rè é. Bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ tó ti rẹ̀, èyí tó ń sinmi, àti èyí tó lọ́ràá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì: ẹ mọ̀ pé "jí" ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ wo oko tó wà nítòsí yín, kí ẹ sọ èwo nínú méjèèjì ni à ń ṣe sí ilẹ̀ ibẹ̀.