Àbúrò Mi, Béèrè Kó O Tó Gbé Oògùn Mì

Àbúrò mi, jẹ́ ká jọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwa obìnrin kì í sábà jókòó sọ, àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ oògùn òyìnbó ni. Àwa tá à ń gbé Sabon Gari ní Kánò yìí, oògùn kò jìnnà sí wa rí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olóògùn ti wà nínú ọjà wa, tí àwọn èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá kó páálí páálí lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Kánò pàṣẹ pé kí wọ́n kó lọ sí ọjà olóògùn tuntun ní Dangwauro, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù pa. Ohun tó dára ni, torí pé oòrùn Kánò kì í ṣe oòrùn tó yẹ kí oògùn máa yá lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kẹ́mísì àdúgbò ṣì wà, ibẹ̀ náà la sì ń kọ́kọ́ yà sí ká tó rántí ọsibítù.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọsibítù ní ìlà, ó ní káàdì, ó ní "ẹ padà wá lọ́la." Kẹ́mísì kò ní gbogbo ìyẹn. O kàn máa ní orí ń fọ́ ẹ, ara ń gbóná, oorun kò sì kùn ẹ́. Olóògùn á ṣí ike mẹ́ta mẹ́rin, á ka kóró pupa kan, kóró aláwọ̀ ìyeyè kan àti kóró funfun méjì sínú àpò bébà pélébé, á sì fi báírò fa ìlà mẹ́ta sí i lára: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. O sanwó, o lọ. Kò sí orúkọ oògùn kankan lára bébà yẹn. Tí ojú rẹ bá wú lóru, tí wọ́n sáré gbé ẹ dé ọsibítù, dókítà á bi ẹ́ pé kí lo lò, ohun tó o sì máa lè sọ kò ju "kóró pupa" lọ. Irú kóró pupa wo? Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni pé kó o má gba oògùn tí kò ní orúkọ lára mọ́. Ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó fún ẹ ní páálí rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò níbí lọ́dún 1996. Bóyá wọn kò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, jà ní òkè ọya bí kò ṣe jà rí. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lọ tó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù mélòó kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọsibítù àrùn tó ń ranni, tí gbogbo wa mọ̀ sí IDH, kún àkúnya. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wà nínú ọgbà náà, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ chloramphenicol olóròóró, oògùn tí kò wọ́n, tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí fún irú àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà náà dé pẹ̀lú oògùn tuntun tó ń jẹ́ Trovan, tí ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí fún títà. Wọ́n yan 200 ọmọdé. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní abẹ́rẹ́ ceftriaxone kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Ọmọ 11 ló kú, márùn-ún nínú àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba ceftriaxone. Àwọn òbí sọ pé àwọn mìíràn di adití, afọ́jú tàbí arọ. Ẹ̀sùn tún wà pé ìwọ̀n ceftriaxone tí wọ́n lò kéré sí èyí tó yẹ, kí oògùn tuntun lè dára lójú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan ni, tí kò wúwo tó kílò 19. Nínú ìwé ìwádìí, wọn kò pè é lórúkọ. Nọ́mbà 0069 ni wọ́n kọ. Wọ́n fún un ní Trovan. Ara rẹ̀ ń rẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ kan sì dúró sójú kan, kò yí mọ́. Wọn kò pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà kú.

Mi ò lè sọ fún ẹ pé oògùn ló pa á, torí yírùnyírùn fúnra rẹ̀ máa ń pa ọmọ, ó sì máa ń di ọmọ létí. Ohun tí Pfizer náà sọ nìyẹn: pé àìsàn ló pa àwọn ọmọ náà, pé àwọn nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún àwọn òbí lẹ́nu, àti pé àwọn tó yè nínú àwọn tó lo Trovan kò kéré sí ti ìhà kejì. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe, tàbí pé oògùn tí àwọn dókítà ti mọ̀ dunjú wà nínú ọgbà kan náà. Kò sí ìwé tí òbí fọwọ́ sí. Lẹ́tà tó ní ìgbìmọ̀ ìwádìí ọsibítù Aminu Kano fọwọ́ sí ìdánwò náà, àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni wọ́n tó kọ ọ́, tí wọ́n wá fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i. Ọsibítù náà kò tilẹ̀ tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ìdánwò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé ìdánwò náà lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n àbájáde wọn wà nínú àpótí títí di 2006, kó tó jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ tó yè kò sọ ohun tí wọ́n ṣe láìgbàṣẹ ìyá rẹ̀ di ohun tó tọ́. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò sì ní yẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹjọ́ náà pẹ́. Àwọn ẹbí pẹjọ́ ní New York lọ́dún 2001, ìjọba Kánò àti ti àpapọ̀ pẹjọ́ lọ́dún 2007, Pfizer sì bá Kánò parí rẹ̀ lọ́dún 2009 pẹ̀lú 75 mílíọ̀nù dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba owó, 175,000 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí àwọn òbí wá ṣe àyẹ̀wò DNA. Ọdún 15, àbúrò mi. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà ìdánwò ti tó ọmọ tó ń jókòó ṣe WAEC.

Trovan ńkọ́? Ní 1997 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà, kì í ṣe fún ọmọdé. Nígbà tí èèyàn púpọ̀ ti lò ó ni wọ́n wá rí i pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́: èèyàn 14 ni ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì kú nínú wọn. Ní 1999 wọ́n dín lílò rẹ̀ kù gidigidi, ilẹ̀ Yúróòpù sì mú un kúrò lórí àtẹ. Wo bí ewu ṣe lè fara pamọ́ nínú oògùn títí èèyàn púpọ̀ á fi lò ó. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ẹni tó ṣe oògùn kò fi parí nígbà tó bá ti tà á. Ó gbọ́dọ̀ máa tọpa rẹ̀, kó máa gba ìròyìn, kó sì sọ òtítọ́ bí kò tilẹ̀ bá a lára mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé rẹ o. Trovan àti ciprofloxacin, tí gbogbo wa ń pè ní sípírò, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo mọ̀ pé o ní sáṣẹ́ẹ̀tì kan tó ṣẹ́ kù nínú dúrọ́ọ̀. Sípírò ti gba ẹ̀mí là púpọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2008, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sí i lára, torí ó lè já iṣan, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Dókítà kì í fún ọmọdé bí kò bá jẹ́ pé ó di dandan. Nítorí náà, má máa dá a rà nítorí pé ara rẹ gbóná lálẹ́, o sì rò pé táífọ́ọ̀dù ni. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹ, lò ó parí bó ṣe sọ, má fi mílíìkì gbé e mì, má sì mu fura da nono lé e lórí, torí wàrà kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Tí gìgísẹ̀ bá ń dùn ẹ́, dá a dúró kó o sì padà lọ bá dókítà lọ́jọ́ yẹn.

Wàyí o, má sọ pé o kò ní lo oògùn mọ́. Kánò ti gba ọ̀nà yẹn rí. Lọ́dún 2003 ìpínlẹ̀ wa dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró fún oṣù bíi mọ́kànlá. Àwọn kan ní ó ń sọ obìnrin di àgàn, ọgbẹ́ Trovan sì ṣì wà lára àwọn èèyàn, wọn kò gba òyìnbó olóògùn gbọ́ mọ́. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ló jìyà rẹ̀. Àrùn náà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, títí dé Indonesia, ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó lè kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà. Yírùnyírùn tó pa wá tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1996 náà, àjẹsára ló lé e: MenAfriVac dé Nàìjíríà lọ́dún 2011, irú yírùnyírùn A yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Lọ́dún 2024 Nàìjíríà tún jẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo Men5CV, tó ń dènà irú márùn-ún. Tí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò rẹ, gbé ọmọ lọ.

Bó o ṣe máa wọn àǹfààní àti ewu oògùn wò rèé: béèrè. Bi dókítà tàbí apòògùn pé kí ni oògùn náà máa ṣe fún mi, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí mi ò bá lò ó, àmì wo ni mo máa rí tí màá fi dá a dúró. Tó o bá lóyún, tàbí ò ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí ò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sọ ọ́ kí wọ́n tó bi ẹ́. Àgbo tó ò ń mu náà, sọ ọ́, má tijú.

Ti ọmọdé ni kó o ṣọ́ jù. Lọ́dún 1990, omi oògùn paracetamol tí wọ́n fi májèlé pò pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos. Nígbà tó fi máa di 2008, májèlé kan náà, diethylene glycol, ti wà nínú oògùn eyín ọmọ tó ń jẹ́ My Pikin, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò yẹ ohun tó rà wò kó tó dà á sínú oògùn ọmọ. Eyín tó ń hù kò nílò oògùn rárá. Bó o bá sì máa ra omi oògùn, wá nọ́mbà NAFDAC, wo déètì, tó bá sì ní ibi tí wọ́n ń ha, ha á, kó o fi nọ́mbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kó o tó kúrò níwájú olóògùn. Tí oògùn bá ṣe ẹ́ níkà, ní kí ọsibítù kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC. Tọ́jú páálí rẹ̀, má jù ú nù.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá ẹ ní ọsibítù pé àwọn ń ṣe ìwádìí, ní kó fún ẹ ní ìwé, kó kà á fún ẹ ní èdè tó o gbọ́, kó sọ oògùn mìíràn tó wà, kó sì fún ẹ ní nọ́mbà fóònù ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà tó sọ ọ́ di dandan. O lè ní rárá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ọmọ rẹ bákan náà. Olóògùn tó bá bínú torí pé o béèrè orúkọ oògùn, gba owó rẹ padà. Òmíràn wà níwájú.