Ìdábùú Ni Kí Ẹ Gbin Ewéko Inú Àbàtà

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ ní Abúlé Òkúta, omi tí ẹ ń tú nínú táǹkì kì í lọ jìnnà. Gọ́tà ló ń gbà já sí ọ̀sà ní Bàríga. Ẹni tó bá fẹ́ fi bomi rin ẹ̀fọ́ lè kọ́kọ́ gbà á sínú àbàtà àtọwọ́dá: kòtò tí a tẹ́ ọ̀rá sí nísàlẹ̀, tí a sì gbin ewéko sí láti yọ ìdọ̀tí inú omi. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Käthe Seidel, ti dán irú rẹ̀ wò ní Jámánì ní àwọn ọdún 1950.

Iye ewéko ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè. Ní tèmi, ibi tó dúró sí ló ṣe kókó. Bí omi bá ń gba àárín igi ewéko kọjá, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, ìdọ̀tí á sì rì. Lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan, omi á pòyì, á pò mọ́ra, á máa fara kan ewéko níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ń gbé. Ṣùgbọ́n omi kì í bá ewéko jà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ki, tí òsì ṣófo, òsì ló máa gbà.

Kòtò tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi rẹ̀ jìn ní ìdajì mítà, gba lítà 6,000. Bí ẹ bá ń tú lítà 1,000 sí i lójúmọ́, ó yẹ kí omi lò tó ọjọ́ 6, tàbí kó dín díẹ̀, nítorí ewéko náà gba àyè. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òmíràn lè jáde lọ́jọ́ tó wọlé gan-an.

Nítorí náà, ẹ gbin ewéko ìdò láti ògiri dé ògiri, ní ìdábùú omi. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ìlà kejì tó bẹ̀rẹ̀, kí omi lè tún pò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa gé ewé gbígbẹ kó tó já sómi, torí ó máa ń dí ọ̀nà. Ẹ má sì da water hyacinth sí i, èyí tó gba Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní 1984: ó ń bo ojú omi, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, àkúnya òjò kan sì tó láti gbé e lọ sínú ọ̀sà.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ da àwọ̀ pupa tí àwọn aṣekéèkì ń lò sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Bó bá yára yọ lápá kan, ibẹ̀ ni kí ẹ gbin ìdò kún. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ bu omi tó bá jáde nínú àbàtà sí, ẹ má wọ́n ọn sórí ewé.