Ẹ̀kọ́ Ìgbà Ọyẹ́: Aṣọ Pọ́ọ̀lù àti Àwọn Ilé Tí Ó Yẹ Kí A Yà Sí

Bíbélì kíkà: 2 Tímótíù 4:9-21

Kí ẹnì kan bá wa ka ibi tí a yàn yìí sókè, kí ó má yára, nítorí àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ti darúgbó, ó sì ń rán Tímótíù níṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò tóbi. Kí ó bá òun mú aṣọ tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì lọ́dọ̀ Kápù wá, pẹ̀lú àwọn ìwé òun, kí ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dé kí ìgbà òtútù tó wọlé. A sábà máa ń ka ẹsẹ wọ̀nyí kọjá wéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sun oorun oṣù Kejìlá ní Idofin mọ ohun tí aṣọ kan ṣoṣo jẹ́ fún arúgbó ní aago márùn-ún ìdájí.

Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa bi wá pé níbo ni ọyẹ́ ti ń wá. Láti bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, nígbà mìíràn di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ wá bá wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá ti ilẹ̀ Ṣáàdì wá, láti àfonífojì kan tí a ń pè ní Bodélé, ibi tí omi adágún ńlá wà láyé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ, àwọsánmà kì í sì pọ̀ lójú ọ̀run lóru láti dá ooru ilẹ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń jó wa lọ́sàn-án, tí eyín wa sì ń gbá ara wọn lówùúrọ̀. Gbígbẹ kan náà ni ó ń fa omi kúrò lára wa, tí ètè fi ń là, tí gìgísẹ̀ fi ń sán.

Gbígbẹ yìí kan náà ni ó sì ń bá wa gbẹ isu tí a bẹ, tí a bọ̀, tí a sá sórí àpáta. Èlùbọ́ tí a bá sá nígbà òjò, ẹ̀yin náà mọ bí í ti í rí. Kí a má bú ọyẹ́ tán kí a tún jókòó ti àmàlà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bàbá wa John Wesley. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1785, ó ti pé ẹni ọdún 81, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jẹ́ àṣà wọn láti pín èédú àti búrẹ́dì fún àwọn tálákà inú ẹgbẹ́ ní ìgbà òtútù. Lọ́dún náà ó rò ó pé wọn kò ní aṣọ pẹ̀lú. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi rin ìlú náà ká tí ó ń tọrọ owó, títí ó fi rí 200 pọ́n-ùn. Yìnyín tí ń yọ́ mu ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ ní ojú títì, inú omi náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Àwa kò gba ẹni ọdún 81 kankan níyànjú pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdébìnrin wa ni kí ẹ rán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó kọ́kọ́ wo ohun tí wọn kò ní kí ó tó jáde nílé.

Kí ni àwọn ìyá wa tí ń dá gbé kò ní nígbà ọyẹ́? Omi ni àkọ́kọ́. Kànga a máa fà, ẹni tí kò lágbára kì í sì í bá ọ̀pọ̀ ènìyàn du ìdí kànga. Bí ẹ bá ń pọn omi ti yín, ẹ pọn korobá kan kún ti ìyá náà, kí ẹ má sì rán ọmọ kékeré gba ojú títì kọjá nígbà tí eruku kò jẹ́ kí ọlọ́kadà ríran. Òrí díẹ̀ nínú ìgò tẹ̀lé e, pẹ̀lú aṣọ ìbora. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá a fi òrí náà pa ẹsẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ lè má tó o mọ́.

Ẹ wo inú yàrá pẹ̀lú. Bí ó bá gbé ìkòkò èédú wọlé tí ó sì ti fèrèsé nítorí òtútù, ẹ gbé e jáde kíákíá. Èéfín kan wà lára èédú tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn. Ó lè pa ẹni tí ó sùn láìjẹ́ pé ó jí. Ẹ kó koríko gbígbẹ kúrò lẹ́yìn ilé, nítorí iná ìgbẹ́ kì í béèrè ẹni tí ó ni ilé.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ti àrùn yírùnyírùn, tí ń mú ọrùn gan. Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí eruku ń dun ọ̀nà ọ̀fun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sùn pọ̀ nínú yàrá tí a tì pa. Ní ọdún 1996, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, pàápàá ní òkè ọya, ó sì pa àwọn tí ó lé ní 11,000. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa ni ó kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan tí ń dènà irú márùn-ún nínú kòkòrò àrùn náà. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó ń bì, tí kò lè tẹ ọrùn síwájú, tí kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ má pè é ní ibà lásán. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Kí a ṣí fèrèsé díẹ̀ bí a bá ń sùn, kí a sì fi aṣọ bora.

Ìbéèrè fún kíláàsì:

Àwọn ìyá mélòó ni ń dá gbé ní àdúgbò yín, ta sì ni ó ń pọn omi fún wọn?

Kí ni ìdí tí Pọ́ọ̀lù fi fẹ́ kí Tímótíù dé ṣáájú ìgbà òtútù?

Ta ni yóò gba ilé ìyá wo láàárọ̀ ọ̀la?