Ẹ̀kọ́ Wa: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wákàtí 72 Kọjá Lórí Ọmọ Òrukàn



Títọ́jú ọmọ òrukàn kò pin sórí oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé-ìwé. Ààbò ara rẹ̀ wà nínú àmáánà tí Ọlọ́hun gbé lé wa lọ́wọ́. Nígbà tí a bá fura pé ẹnì kan fipá bá ọmọ lòpọ̀, ẹbí a máa kọ́kọ́ ṣe ìpàdé. Wọn á ní kí á bò ó láṣìírí. Ibẹ̀ ni ọjọ́ á ti lọ, tí ẹ̀rí á parẹ́.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí àrùn éèdì ranni gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Bí ó bá ti yá tó ni ó dára tó. Ọjọ́ 28 ni ọmọ yóò fi lò ó. Nítorí náà:

1. Ẹ má wẹ̀ fún ọmọ náà, ẹ má sì fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe nínú ọ̀rá.

2. Ẹ má máa bi í ní ìbéèrè kan náà léraléra.

3. Bí dókítà kò bá rí ọgbẹ́, ẹ má pe ọmọ ní òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí a yẹ̀ wò.

Dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí ni ó lè ṣe àyẹ̀wò náà, kí ó sì kọ ìwé tí ilé-ẹjọ́ yóò lò. Láti Ìkirè àti Àpómù, ilé-ìwòsàn ńlá OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Owó ọkọ̀, owó káàdì àti ẹni tí yóò tẹ̀ lé ọmọ lọ ni ó máa ń ṣòro. Ní Èkó, Mirabel Centre, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013 nínú LASUTH ní Ìkẹjà, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Irú rẹ̀ ni a fẹ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ṣé owó sàká tọ́ sí i? Suuratu Taobah, aaya 60, ka irú ènìyàn mẹ́jọ. Kò dárúkọ ọmọ òrukàn lọ́tọ̀. Èyí tí ó jẹ́ aláìní wọ inú wọn. Èyí tí ó ní ogún tí ó tó o, sàráà ni kí á fi ràn án lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya sàráà díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrìnàjò yìí.

Bí ó bá jẹ́ ìbátan ni afurasí, ẹ rántí Suuratu Nisaa, aaya 135: ẹ̀tọ́ kò mọ ẹbí. Ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì wẹ́líféà létí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtọ́jú ọmọ dúró dè wọ́n.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.