Bíbélì Nínú Àlọ́ àti Eré

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ó tọ́ kí àwa ará Àrámọkọ máa wá ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú àlọ́ àpamọ̀ àti eré orí ìtàgé?

Ìdáhùn: Ó tọ́, ọ̀rẹ́ mi. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Sámúsónì, akọni tó fọwọ́ lásán pa kìnnìún, pa àlọ́ oyin inú òkú kìnnìún náà fún àwọn Filísítínì níbi àsè ìgbéyàwó, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Ìjerò ti ń pa tiwọn lábẹ́ òṣùpá. Nígbà tí Hubert Ògúndé sì kọ́kọ́ gbé eré rẹ̀ jáde ní Èkó lọ́dún 1944, ìtàn ọgbà Édẹ́nì ló fi ṣíde.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi tipátipá ki Bíbélì bọ inú àlọ́ kan. Bí ọmọdé bá ní omi gbígbóná àti omi tútù pàdé, wọn kò jà, ìsun omi Ìkògòsì ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹ tó ṣí ìwé Jákọ́bù orí kẹta, tó sọ̀rọ̀ nípa ìsun omi dídùn àti omi kíkorò.